Ọwọ́ Mẹ́tàlá Tó Gòkè

Ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wọ yàrá ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, àga mẹ́rin ló dojú dé, ọmọ méjì sì ti gba abẹ́ tábìlì lọ kó tó ti ilẹ̀kùn tán. Kò tíì sọ̀rọ̀ o. Kò bínú, kò sì mú pàṣán dání. Ẹnu iṣẹ́ ló ti ń bọ̀ tààrà, aṣọ funfun rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ pé, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ Jésù." Dípò kí wọ́n dáhùn, ọmọkùnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká fi igbe ta pé, "Alábẹ́rẹ́ ti dé!" Bí ilé ṣe dàrú nìyẹn.

Ẹ má bá àwọn ọmọ náà wí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí obìnrin náà ti ń gún ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Kò sí apá ọmọ kan ládùúgbò tí kò tíì fi òwú pa. Bí ọmọ bá kọ̀ tí kò jẹun, ìyá rẹ̀ á ní, "Ṣé kí n ránṣẹ́ pe Nọ́ọ̀sì Alábẹ́rẹ́ ni?" abọ́ á sì gbẹ kíá. Orúkọ tí wọ́n fi ń le ọmọ sídìí oúnjẹ ni orúkọ rẹ̀, òun gan-an ni wọ́n sì wá ní kó máa kọ́ wọn ní ìfẹ́ Ọlọ́run.

Kì í ṣe pé ó wá ipò náà lọ. Àǹtí Olórin ló ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀, ọmọbìnrin kan báyìí tí ohùn rẹ̀ dùn, tí àwọn ọmọ máa ń lẹ̀ mọ́ bí eèrà ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣúgà. Àǹtí Olórin lọ́kọ, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pásítọ̀ kéde pé òun ń wá ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni gbogbo ìjọ tẹjú mọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn bí ẹni pé wọn ò rí i rí. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Nọ́ọ̀sì dìde.

Ohun tó gbé e dìde, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi ọkọ rẹ̀. Lọ́dún kan tí èéyi jà, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ọmọ náà la ojú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, níbo ni mò ń lọ?" Nọ́ọ̀sì tó mọ orin ìwé tán, tó lè ka orí Bíbélì lórí láìwo ìwé, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Kó tó rí ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè gbọ́, ọmọ náà ti lọ. Láti ìgbà náà ni kò ti fara mọ́ ọn pé kí ọmọ kan wà láyé yìí láì mọ ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kì í ṣe pé kí bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n tàbí kí ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kí ọmọ náà mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ ni.

Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n èrò rere kì í bá ọmọdé ṣeré.

Lẹ́yìn aṣọ funfun ọjọ́ yẹn, kò wọ funfun wá mọ́. Síbẹ̀ wọ́n ń wo àpamọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ihò tí nǹkan lè ti yọ. Nígbà tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti mú gíláàsì ojú rẹ̀, ìlà iwájú á sún sẹ́yìn. Yàrá náà fúnra rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà, ibi tí wọ́n ń kó àga oníke àti agolo ọ̀dà sí, ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá ń gun òkè sì máa ń dún lórí wọn gbì, gbì, gbì, láàárín àdúrà.

Ó sọ ìtàn àgùntàn tó sọnù fún wọn. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ṣókí, kò gún kò wọ́: àgùntàn jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan sọnù, olùṣọ́ wá a, ó rí i, ó gbé e wálé.

Ọmọkùnrin tí eyín rẹ̀ ti ká, tí gbogbo ayé ń pè ní Eyín-fo, nawọ́. "Ta ló dúró ti àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Àwọn nìkan?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n."

"Tí ọ̀kan bá tún sọnù nínú wọn ńkọ́?"

"Kò sí èyí tó sọnù mọ́!" Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ìtàn ti parí."

Ọmọ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí àgùntàn. Ìyẹn náà ni wọ́n ké délé.

Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Ó ní ìwé kan tó fi rúlà fa ìlà sí, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe fún àjẹsára: orúkọ ọmọ lápá òsì, ọjọ́ tó wá láàárín, lápá ọ̀tún ni ọjọ́ tí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gba Jésù gbọ́. Apá ọ̀tún yẹn funfun báláú láti òkè délẹ̀.

Èyí tó sì dùn ún jù nínú gbogbo wọn ni ti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì ló ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ríṣẹ́ sí ìlú tó jìnnà. Bàbá, ọkọ Nọ́ọ̀sì, ló sọ ọ́ ní Arúgbó, nítorí bó ṣe ń ká ọwọ́ sẹ́yìn rìn, tó sì máa ń mí kanlẹ̀ kó tó dáhùn ìbéèrè. Arúgbó máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá náà, kì í ké bí àgùntàn, kì í bèèrè ohunkóhun. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì bá bi í nílé pé, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti gbà á gbọ́?" á wo òrùlé díẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n parí iṣẹ́ àṣetiléwá mi ná."

"Fi ọmọ yẹn sílẹ̀," Bàbá á sọ láti iyàrá iwájú, níbi tó ti ń tú rédíò oníbàárà palẹ̀. "A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi rédíò èèyàn sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ẹ ò lè mọ ohun tó ń jẹ́ ìkánjú."

Pásítọ̀ náà kò jẹ́ kó sinmi. Ní ìparí oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń kọ̀wé sí olú ìjọ, ibi tí wọ́n sì ti máa ń bi í ní ìbéèrè kan náà ni ibi iṣẹ́ ọmọdé. "Màmá," ó máa ń wí, tí á sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, "báwo làwọn ọmọ wa? Ṣé wọ́n ti ń gba Jésù?" Nọ́ọ̀sì á ní wọ́n ń gbìyànjú. Ohùn tí à ń fi sọ pé aláìsàn ń gbìyànjú ló fi ń sọ ọ́.

Ló bá pinnu ní ọjọ́ Àìkú kan pé ọjọ́ náà ni. Ó ti fèrèsé, ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Eyín-fo, ó mú kí gbogbo wọn jókòó dáadáa. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ó ní Jésù fẹ́ràn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìyá ò lè gbà á gbọ́ fún ọmọ, bí ìyá ò ṣe lè sùn kí oorun dá lójú ọmọ. Àwọn ọmọ dákẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, kó na ọwọ́ sókè."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ẹnìkan ń gun àtẹ̀gùn lórí wọn. Ẹsẹ̀ náà dún títí ó fi dé òkè.

Ibẹ̀ ni ahọ́n Nọ́ọ̀sì ti gba ọ̀nà tó ti mọ́ ọn lára. Ó rọ ohùn sílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì sọ ohun tó máa ń sọ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún ọdún mẹ́tàdínlógún. "Ẹ má bẹ̀rù. Kò ní dùn yín rárá. Kíá ló máa parí. Ẹni tó bá fi tinútinú gbà á báyìí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ títí ayé. Mo ní bisikíìtì fún gbogbo ọmọ tó bá ṣe dáadáa."

Àwọn ọmọ wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan gòkè, ọwọ́ kejì tẹ̀ lé e, kó tó di ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ mẹ́tàlá ló wà lókè. Eyín-fo di ojú rẹ̀ pinpin, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé èjìká, ó sì kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì rí i. Ó rò pé ooru ló ń mú ọmọ náà.

Ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun gbàdúrà. Ohùn wọn ń gbọ̀n. Ọmọbìnrin kan tiẹ̀ ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi lé ròrò sí ojú Nọ́ọ̀sì náà, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé Ẹ̀mí Mímọ́ rèé, òun nìyí tóun ti fẹ́ sọ̀rètí nù.

Ọmọ kan ṣoṣo ni kò nawọ́. Arúgbó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ẹni tó wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí ìròyìn náà ṣe dé etí Pásítọ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Kí ìsìn tó parí, ó ti tò wọ́n síwájú ìjọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Akọrin kọrin, ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Àwọn ọmọ dúró gbagidi bí ẹni tó wà lórí ìlà, bisikíìtì lọ́wọ́, wọn ò jẹ ẹ́. Lórí ìjókòó kejì, Arúgbó nìkan ló jókòó nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́ obìnrin kan lẹ́yìn tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ti ọ̀dọ̀ òun gan-an wá ni ò dìde?" Etí rẹ̀ gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Wọn ò tíì bọ́ bàtà tán nílé tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún mi, Màmá."

"Kí ló dé tí o fi dójú tì mí? Ọmọ olọ́mọ mẹ́tàlá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ìwọ tí mò ń gbàdúrà lé lórí láràárọ̀, o jókòó bí òkúta!"

Arúgbó mí kanlẹ̀. "Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ ni."

"O ò fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ nawọ́."

"Ìyá rẹ fi ọ́ sọ́dọ̀ mi kí n lè tọ́ ọ nínú ìgbàgbọ́. Kí ni kí n wí fún un?"

Ọmọ náà gbé bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n síbi tí wọ́n máa ń wà, ó wọlé lọ. Bàbá gbójú sókè kúrò nídìí rédíò rẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́." Bàbá padà sídìí rédíò rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àjẹsára. Àwọn ìyá ti kún gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn láti àárọ̀, ẹkún ń dáhùn ẹkún. Nígbà tó kan ìyàwó awakọ̀, ìyá Eyín-fo, ó gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ jókòó síwájú Nọ́ọ̀sì, Eyín-fo alára sì dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀ mú gírígírí.

Nọ́ọ̀sì gún ọmọ ọwọ́ náà, ó fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, ó kọ ọ́ sí káàdì. Ìyàwó awakọ̀ kò dìde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ìgbà wo lẹ máa gún wọn ní ti Jésù yẹn?"

"Ti Jésù wo?"

"Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ní kí wọ́n nawọ́ fún lọ́jọ́ Àìkú. Ká kúkú ṣe é ká mọ̀ pé ó ti tán. Ọmọ yìí ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nílé wa. Bó bá ti gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, á ní ẹ ti dé."

Nọ́ọ̀sì rò pé obìnrin náà ń ṣẹ̀fẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ náà. "Ta ló sọ fún ọ pé abẹ́rẹ́ ni?"

Eyín-fo sọ̀rọ̀ sínú aṣọ ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin ni. Ẹ ní kò ní dùn wá. Ẹ ní kíá ló máa parí."

"Kí ló dé tí o fi nawọ́ nígbà náà?"

"Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ na apá, jẹ́jẹ́ lẹ máa ń gún un. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n á dì í mú." Ó gbé orí sókè díẹ̀. "Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ti Jésù tóbi ju ti ọmọ ọwọ́ lọ?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Nọ́ọ̀sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, gbogbo ọjọ́ Àìkú náà sì ń padà wá bá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó ká dé èjìká, ohùn tó ń gbọ̀n, ọmọbìnrin tó ń sunkún, bisikíìtì tí wọn ò jẹ. Òun tó pè é ní Ẹ̀mí Mímọ́! Ó bínú sí ara rẹ̀ débi pé nígbà tí ìyá tó kàn jókòó, ó gbàgbé láti kí i.

Bó ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́, ọ́fíìsì Pásítọ̀ ló gbà lọ. Yàrá tóóró ni, wáyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn kún ilẹ̀ rẹ̀, fáànù tí ń ké sì wà lókè. Ó rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pásítọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Nọ́ọ̀sì kò bá a rín in, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Màmá, Ọlọ́run lè gba ibi tó bá wù ú wọlé."

"Ẹ̀rù ló bà wọ́n, sà."

"Ṣé ìbẹ̀rù Olúwa náà kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀?"

"Kì í ṣe Olúwa ni wọ́n bẹ̀rù. Èmi ni."

Pásítọ̀ fọwọ́ nu iwájú orí. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un, olú ìjọ kò sì jẹ́ kó gbádùn. "Lẹ́tà ti lọ," ó wí. "Fọ́tò ti lọ. Wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí, wọ́n yìn wá. Ẹ mọ bó ṣe pẹ́ tó tí wọ́n ti ń bi mí pé iṣẹ́ ọmọdé wa dà? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn á dàgbà bọ́ sínú rẹ̀."

"Pásítọ̀, bí mo bá fa omi lásán sínú síréńjì, tí mo gún ọmọ, tí mo wá kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀ pé ó ti gba oògùn, kí lẹ máa pe ìyẹn?"

Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé tó ti wà létò tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣe bó bá ṣe tọ́ lójú yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ariwo."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Nọ́ọ̀sì kò gbé àpamọ́wọ́ wọlé rárá. Ó fi í sọ́wọ́ Bàbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó sì ní, "Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ fún yín. Mo ṣì yín lọ́nà. Jésù kì í ṣe abẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó máa gún yín nítorí rẹ̀."

Ìlà iwájú sún síwájú díẹ̀.

"Rárá?" Eyín-fo bèèrè.

"Rárá."

"Lọ́la ńkọ́?"

"Lọ́la náà kò sí."

"Ẹni tí ò bá gbà, wọn ò ní dì í mú?"

"Jésù kì í di ẹnikẹ́ni mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n sọ."

Àwọn ọmọ kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí àgbà jókòó sórí àga kékeré kó máa bẹ̀ wọ́n. Ojú tì wọ́n fún un díẹ̀. Àmọ́ kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi yé wọn pé ewu ti kọjá, ni ariwo bá sọ. Wọ́n fò, wọ́n lu tábìlì, wọ́n rọ̀ mọ́ ara wọn. Láàárín rẹ̀ ni Eyín-fo ti wá dúró síwájú Nọ́ọ̀sì.

"Ṣé mo lè gba ọwọ́ mi padà?"

"Ọwọ́ wo?"

"Èyí tí mo nà lọ́jọ́sí."

Kí lèèyàn ń sọ sírú ìyẹn? Nọ́ọ̀sì ní, "O lè gbà á padà."

Eyín-fo na ọwọ́ sókè gan-an, ó fà á wálẹ̀, ó sì ki ọwọ́ náà bọ àpò. Ni àwọn yòókù bá ní àwọn náà fẹ́. Wọ́n tò, wọ́n ń na ọwọ́, wọ́n ń fà á wálẹ̀, wọ́n ń kì í bọ àpò, àwọn tí kò sì ní àpò ń tì í sábẹ́ abíyá. Àkókò yẹn gan-an ni Pásítọ̀ yọ orí wọlé.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń gba ọwọ́ wọn padà ni, sà."

"Mélòó ló kù?"

"Kò ku ẹyọ kan."

Pásítọ̀ rọra ti ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lákọ̀tun. Ó fẹ́ sọ fún wọn nísinsìnyí, láìsí ẹ̀rù, ẹni tí Jésù jẹ́. Àmọ́ ta ló máa gbọ́? Inú wọn dùn jù. Ọmọbìnrin tó sunkún lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìka fa bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀.

"Ṣé Jésù mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wá lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó mọ̀."

"Kí ló dé tí kò sọ fún yín?"

Nọ́ọ̀sì wá gbogbo orí tó mọ̀ lórí yẹ̀ wò. "Bóyá ó sọ ọ́," ó wí níkẹyìn. "Èmi ni mi ò gbọ́."

Ọmọ náà wò ó pẹ̀lú àánú, ó sì sáré lọ bá àwọn yòókù. Aago ìsìn lù. Wọ́n bèèrè bisikíìtì kí wọ́n tó jáde.

Nígbà tí òun àti Arúgbó délé lọ́sàn-án, Nọ́ọ̀sì dúró sídìí omi ẹ̀rọ, ó ń fọ ife tí àwọn ọmọ fi mu omi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Arúgbó ń fi aṣọ nù wọ́n, ó ń tò wọ́n. Oṣù mẹ́ta gbáko, àti gbogbo làálàá yẹn, Nọ́ọ̀sì kò sì rí nǹkan kan mú bọ̀. Ó ń fọ ife bí ẹni ń bá ife jà.

"Ìwọ," ó sọ nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, "ẹ̀rù abẹ́rẹ́ kò bà ọ́ ni?"

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe abẹ́rẹ́."

Nọ́ọ̀sì dáwọ́ dúró. "O mọ̀? O sì mọ̀ pé àwọn tó kù kò mọ̀?"

"Ẹ ò bi mí."

"Olúwa ò!" Ó gbé ife sílẹ̀ kí ó má baà bọ́ fọ́. "Ó dáa. Bí o bá mọ̀ pé kì í ṣe abẹ́rẹ́, kí ló dé tí o ò nawọ́?"

Arúgbó wo òrùlé. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni kó nawọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀."

"O ti bẹ̀rẹ̀ kí ni?"

"Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tí Mọ́mì mi wọ ọkọ̀ lọ." Ọmọ náà ń nu ife kan tó ti gbẹ. "Ẹ ní kí n lọ fọjú. Mo wà ní balùwẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń sùn láìsí Mọ́mì rẹ̀, kó wá. Ó sì wá."

Nọ́ọ̀sì ti omi ẹ̀rọ pa. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó wá?"

"Mo sùn."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kò fi ohunkóhun kún un. Nínú iyàrá iwájú, Bàbá yí ohùn rédíò tó ń tún ṣe sókè lójijì, kí wọ́n lè rò pé kò gbọ́.

"Láti ọjọ́ yẹn!" Ohùn Nọ́ọ̀sì ti ń ga. "Mo ń bi ọ́, mo ń bẹ̀ ọ́, mo ń gbààwẹ̀ lórí rẹ, nígbà tí o ti… Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ máa ní kí n dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ èmi àti òun ni." Ó gbé ife náà sípò rẹ̀. "Ẹ má sọ fún Pásítọ̀ o."

"Ìròyìn ayọ̀ ni! Kí ló burú níbẹ̀ bí mo bá…"

"Màmá."

Fóònù dún lórí tábìlì. Arúgbó wo ojú rẹ̀, ó kà á, ó ní, "Pásítọ̀ ni," ó sì dúró síbẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ léjìká, ó tẹjú mọ́ ìyá-ìyá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì nu ọwọ́, ó gbé e. Ohùn Pásítọ̀ ti rẹ̀. Ó ní olú ìjọ tún pè, wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ náà wá jẹ́rìí níwájú gbogbo ìpínlẹ̀ ìjọ, òun ò sì mọ ohun tí òun máa wí fún wọn. "Màmá, nínú gbogbo wọn, ṣé ẹyọ kan ṣoṣo ò tiẹ̀ sí tí mo lè kọ orúkọ rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wà ní góńgó ahọ́n rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì dùn ju ohunkóhun tó ti ní láti sọ látìgbà tó ti gba iṣẹ́ náà. Ó wo Arúgbó. Arúgbó kò ṣẹ́jú.

"Kò sí èyí tí mo lè kọ, sà," ó dáhùn.

Pásítọ̀ ní òun ń rò ó bóyá kí àwọn wá ẹlòmíràn fún kíláàsì náà, ẹni tí kò ní í máa ba àwọn ọmọ lẹ́rù.

"Ẹ máa wá a," Nọ́ọ̀sì wí. "Títí ẹ ó fi rí i, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ṣì jẹ ọmọ kan ní gbèsè èsì, nípa àgùntàn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ó kéré tán."

Ó pa fóònù. Ó jókòó, ó tún dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Inú ń bí i sí Pásítọ̀, sí olú ìjọ, sí ara rẹ̀, sí ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ tó jókòó lórí odidi ìṣúra bí adìyẹ tí ń sàba, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó.

"Ó wá tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?" ó bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ ṣé." Arúgbó na ọwọ́ sínú abọ́ omi. "Ẹ jẹ́ n fọ èyí tó kù. Ẹ ti fọ ife pupa yìí lẹ́ẹ̀mẹta."